Ẹ Bi Ọ̀jọ̀gbọ́n Léèrè Iṣẹ́

Ẹ̀yin olùdìbò Ṣógúnlé, bí ọ̀jọ̀gbọ́n bá wá tọrọ ìbò, ẹ má jẹ́ kí òyìnbó ẹnu rẹ̀ wú yín lórí. Ẹ bi í: kí ni ìmọ̀ rẹ fẹ́ ṣe fún ọmọ wa?

Ọ̀jọ̀gbọ́n ìṣègùn ni Ambrose Alli kó tó di gómìnà Bendel ní 1979. Ó sọ ẹ̀kọ́ di ọ̀fẹ́. Ó dá yunifásítì sílẹ̀ ní Ekpoma ní 1981. Ṣọ́jà gbàjọba ní ìparí 1983, wọ́n sì fi í sẹ́wọ̀n. Ó kú ní 1989, àmọ́ orúkọ rẹ̀ ni yunifásítì náà ń jẹ́ dòní.

Akọ̀ròyìn ni Jakande tiwa l'Ékòó, kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n. Ṣebí òun náà sọ ẹ̀kọ́ di ọ̀fẹ́? Iṣẹ́ ni kẹ́ ẹ wò, ẹ má wo oyè, kẹ́ ẹ tó tẹ̀ka!