Ọmọ tí Kò Lè Sọ Ibi tí Ó Ń Dùn Ún

Àwọn àgbà a máa wí pé ẹni tí ó bá dákẹ́, ti ara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí fún ẹni tí ó ní ẹnu tí ó kọ̀ láti lò ó. Ṣùgbọ́n kí ni a ó wí nípa ọmọ tí ó fẹ́ sọ̀rọ̀ tí ọ̀rọ̀ kò jáde? Ṣé ó tọ́ kí ti ara rẹ̀ bá a dákẹ́ bí?

Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wà káàkiri ayé. Ní ọdún 1943, dókítà kan tí ń jẹ́ Leo Kanner, ní ìlú Baltimore ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa ọmọ 11, ọkùnrin 8 àti obìnrin 3, tí ìṣe wọn jọra. Wọ́n fẹ́ràn láti máa dá wà, wọn kò sì fẹ́ kí ohunkóhun yí padà ní àyíká wọn. Àwọn kan nínú wọn kò sọ̀rọ̀ rárá. Ọ́tísíìmù ni orúkọ tí ipò yìí ń jẹ́. Láti kékeré ni ọpọlọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀nà tirẹ̀. Kì í ṣe èpè, kì í ṣe ọ̀ràn emèrè, kì í sì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ìyá. Àjọ Elétò Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2021, ènìyàn 1 nínú nǹkan bí 127 ni ó wà ní ipò yìí.

Ọ́tísíìmù kì í sábà dá wá. Wárápá a máa ṣe irú àwọn ọmọ wọ̀nyí ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ. Oorun a máa ṣọ̀wọ́n fún ọ̀pọ̀ nínú wọn. Inú a máa le fún àwọn mìíràn, ẹlòmíràn kì í sì í jẹ ju oríṣi oúnjẹ díẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo kò fi tó wọn tọ́jú. Dókítà ọmọdé, oníṣègùn wárápá, oníṣègùn eyín, ẹni tí ń yẹ etí wò, ẹni tí ń kọ́ ọmọ ní ọ̀rọ̀ sísọ, àti olùkọ́ ní ilé ìwé: iṣẹ́ wà fún olúkúlùkù wọn.

Ṣùgbọ́n níbi tí ọwọ́ bá ti pọ̀ ni àbùkù ti máa ń wọlé. Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ọmọ ọdún méje kan tí kò lè sọ̀rọ̀, tí ó ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í fi orí gbá ògiri. Ìyá rẹ̀ mú un tọ dókítà kan lọ. Dókítà náà ní, "Ọ́tísíìmù rẹ̀ ni," ó sì fún un ní oògùn tí yóò mú ara rẹ̀ rọ̀. Lẹ́yìn oṣù kan, dókítà mìíràn fún un ní oògùn oorun, kò sì béèrè èyí tí ó ti ń lò tẹ́lẹ̀. Olùkọ́ rẹ̀ ti ṣàkíyèsí pé ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan ṣoṣo ni ó fi ń jẹun, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó bi í léèrè. Oníṣègùn eyín kò rí i rárá. Bẹ́ẹ̀ sì ni eyín tí ó ti jẹrà ni ó ń dá a lóró. Orí tí ó ń fi gbá ògiri ni ọ̀rọ̀ tí ó ń sọ. Gbogbo wọn ṣiṣẹ́, ọmọ náà sì jìyà.

Bí Yorùbá bá bẹ ọ̀wẹ̀, ogún ọkùnrin lè gbé ọkọ́ wá sí oko. Síbẹ̀ olóko ni yóò fi ààlà hàn wọ́n, òun ni yóò mọ ẹni tí yóò ṣán igbó àti ẹni tí yóò kọ ebè. Bí olóko kò bá sí níbẹ̀, ẹnì kan a máa tú ebè tí ẹnì kejì kọ. Ìtọ́jú ọmọ ọ́tísíìmù ní láti ní olóko: dókítà ọmọdé kan tàbí nọ́ọ̀sì kan, tí ìwé kan ṣoṣo yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí gbogbo oògùn, gbogbo àyẹ̀wò àti gbogbo àkíyèsí òbí àti olùkọ́ yóò wà nínú rẹ̀. Ní ọdún 1967, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà dá a lábàá pé kí ibì kan ṣoṣo wà tí a ó kó ìwé ìtọ́jú ọmọ tí àìlera rẹ̀ pẹ́ jọ sí. Ilé ni wọ́n pe ibẹ̀.

Ilẹ̀ Yorùbá pàápàá kò ṣàìní àpẹẹrẹ. Ní ọdún 1954, ní Àrò ní Abẹ́òkúta, Dókítà Adéoyè Lámbò dá ètò kan sílẹ̀ fún àwọn alárùn ọpọlọ. Aláìsàn a máa gbé ní abúlé ìtòsí pẹ̀lú ìbátan rẹ̀, a sì máa gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn. Àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ náà sì bá àwọn dókítà ṣiṣẹ́. Ọ́tísíìmù kì í ṣe wèrè, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ Àrò bá a mu: ẹbí, abúlé àti dókítà lè jọ wà lábẹ́ ètò kan.

Àwọn kan yóò wí pé dókítà kò tó, nítorí náà ètò àwọn ọlọ́rọ̀ ni èyí. Òótọ́ ni pé wọn kò tó. Ṣùgbọ́n àìtó wọn gan-an ni ó fi yẹ kí iṣẹ́ ọ̀kan má ṣe ba ti èkejì jẹ́. Àwọn mìíràn yóò wí pé iṣẹ́ ìyá ni. Lóòótọ́, ìyá ni ó mọ ẹkún ọmọ rẹ̀, tirẹ̀ ni ó sì yẹ kí a kọ́kọ́ gbọ́. Ṣùgbọ́n a kò kọ́ ọ ní bí oògùn méjì ti ń bá ara wọn jà, kò sì tọ́ kí a sọ ọ́ di ìránṣẹ́ láàárín àwọn tí wọ́n lè bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Ètò yìí kò ní mú ọ́tísíìmù kúrò, nítorí kò sí oògùn tí ń mú un kúrò. Ohun tí yóò mú kúrò ni ìyà tí kò yẹ kí ọmọ náà jẹ. Nínú àwọn tí ń ka ìwé yìí ni dókítà, nọ́ọ̀sì àti olùkọ́ ọ̀la yóò ti jáde. Kí wọ́n rántí pé ọmọ tí ó dákẹ́ kì í ṣe ọmọ tí kò ní ohun tí yóò sọ. Kí ti ara rẹ̀ má baà bá a dákẹ́, àwọn tí ó ní ẹnu ní láti máa bá ara wọn sọ̀rọ̀.