Ẹ Yé Ta Land Rover Bàbá Yín Ní Kílò

Ọ̀rọ̀ yìí lè bí àwọn kan nínú. Kò burú, kí ó bí wọn nínú.

Bàbá á kú, wọn á sin ín, wọn á jẹ, wọn á mu. Kí wọ́n tó dá àga tí wọ́n háyà padà tán, ẹni tó ń ra irin ti dé pẹ̀lú òṣùwọ̀n rẹ̀. Land Rover tó wà lábẹ́ igi máńgòrò, èyí tó kó àgbàdo gbogbo ilé wá sí ọjà fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọn á gé e sí wẹ́wẹ́ kí oòrùn tó wọ̀. Ohun kan náà ni wọ́n ń ṣe sí Peugeot 404 bàṣé àti 504 bàṣé. Ọmọ tó wà ní Cotonou tàbí ní Paris ló máa ń pàṣẹ lórí fóònù: "Ẹ ta pàǹtí yẹn kúrò nínú àgbàlá." A ò tíì rí ẹni tí owó tó gbà níbẹ̀ tó ra táyà tuntun mẹ́rin.

Ìwà òmùgọ̀ ni, a sì máa sọ ìdí rẹ̀.

Ọdún 1948 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé Land Rover jáde fún aráyé rí, ní Amsterdam. Ogun àgbáyé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí nígbà náà, irin wọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n bá fi alumíníọ̀mù ṣe ara rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ara ọkọ̀ tó ti dàgbà ju àwa tí à ń kọ èyí lọ kò fi dípẹtà. Ṣáásì tó wà nísàlẹ̀ ló ń dípẹtà, nítorí irin ni, inú rẹ̀ sì ṣófo bí páìpù, omi àti ẹrẹ̀ ń dúró síbẹ̀. Ṣáásì sì rèé, ohun tí wẹ́dà tó mọ iṣẹ́ lè gé kó sì lẹ òmíràn mọ́ ni. Ohun tí ẹ̀ ń pè ní òkú, ẹsẹ̀ lásán ló ń dùn ún.

Peugeot náà kò kéré. 404 gba ìdíje Safari ti Ìlà-Oòrùn Áfíríkà ní 1963, 1966, 1967 àti 1968. 504 gbà á ní 1975 àti 1978. Ọ̀nà tí wọ́n sá lórí rẹ̀ níbẹ̀, ẹrẹ̀ àti kòtò bíi tiwa ni. Ní 1975 ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í to 504 ní Kàdúná, wọ́n sì ṣe é níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìdí nìyí tí ẹ̀yà ara rẹ̀ fi rọrùn láti rí fún wa ní ẹ̀gbẹ́ ibodè yìí: ẹni tó ní ẹ̀gbọ́n ní Ìmẹ̀kọ ti ní ẹni tó máa bá a wá a.

Àwọn kan á ní, "Ẹ̀yin tíṣà, ẹ ti dúró sí ayé àtijọ́. Ọkọ̀ okàsíọ̀n ìgbàlódé ló kù." Ó dáa. Ẹ gbé e lọ sí oko lẹ́yìn Idigny nígbà òjò. Ẹ gbé e wọ ilẹ̀ dúdú àwọn Ọ̀họ̀rí, ilẹ̀ tó ń di ẹsẹ̀ mú bí ẹni tó ní gbèsè. Bí wáyà kékeré kan bá bàjẹ́ nínú kọ̀ǹpútà ọkọ̀ yẹn, ó dúró nìyẹn, Cotonou sì ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò wà. Aboyún tó ń rọbí kò lè dúró de Cotonou. Ọkọ̀ àtijọ́ ní epo, ní iná, ní afẹ́fẹ́. Bí kò bá ṣiṣẹ́, ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tó ń kọ́ṣẹ́ sì lè wá a rí lábẹ́ igi.

Ṣùgbọ́n a ò fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn ọkọ̀ àtijọ́ máa pàtẹ́wọ́ fún wa báyìí. Ọ̀rọ̀ tiyín ló kàn, òun ló sì gùn jù.

Ẹ gba ọkọ̀ bàbá, ohun àkọ́kọ́ tí ẹ ṣe ni ọ̀dà. Lẹ́yìn ọ̀dà, iná gbòòrò mẹ́rin sórí. Lẹ́yìn iná, ẹ fi kún sípíríìnì kí ó lè ga, ẹ wá gbé táyà ńlá wọ̀ ọ́ nítorí fọ́tò. Bíréèkì ńkọ́? Kò sí ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Táyà tó bá tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ṣòro fún bíréèkì láti dá dúró, ọkọ̀ náà á sì máa sáré ju ohun tí aago iwájú dẹ́rẹ́bà ń kà lọ. Bí ọkọ̀ bá ga sí i, ó rọrùn kó dojú dé ní kọ́nà, pàápàá bí ẹ bá kó èèyàn jókòó sórí àpò àgbàdo. Róòbà tó ń gbé epo bíréèkì lọ sí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ńkọ́? Bí ẹ bá gbé ọkọ̀ ga tí ẹ kò sì pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tó gùn, ọjọ́ tí ẹsẹ̀ kan bá já sí kòtò, yóò fà ya. Nínú ọ̀pọ̀ Land Rover àtijọ́, ọ̀nà kan ṣoṣo ni epo bíréèkì ń gbà. Bí ibì kan bá jò, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kò ní bíréèkì mọ́. Bíréèkì ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe, kí ẹ tẹ̀ lé e pẹ̀lú sitiarín, kí ẹ wá ṣe ṣáásì, kí ẹ tó kan ẹnjìnnì. Ọ̀dà lè dúró di ọdún tó ń bọ̀.

Sípánà tún wà níbẹ̀. Ínṣì ni nọ́ọ̀tì Land Rover àtijọ́, kì í ṣe mílímítà. Ẹ̀ ń fi sípánà Peugeot tú u, ẹ̀ ń jẹ orí nọ́ọ̀tì run, ẹ wá ń sọ pé ọkọ̀ náà ti gbó.

Ẹ̀yin tí ẹ sì ń ti ọ̀pá orí òfeefèé wọlẹ̀ lórí ọ̀dà títì, kí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè máa fà á nítorí pé ó wù yín, ẹ̀ ń pa gíá. Ní kọ́nà, ìrìn ẹsẹ̀ iwájú àti ti ẹ̀yìn kì í dọ́gba. Lórí ẹrẹ̀, táyà á yọ̀ díẹ̀, wọ́n á bára mu. Lórí títì kò sí ibi tí wọ́n máa yọ̀ sí, irin ni yóò ṣẹ́.

Èyí tó ń bà wá lẹ́rù jù ni táńkì epo. A mọ̀ bí epo kpayo ṣe wọ́pọ̀ níhìn-ín, a sì mọ ìdọ̀tí tó wà nínú rẹ̀. Bí táńkì bá jò, wọn á da epo inú rẹ̀ nù, wọn á ní ó ti ṣófo, wọn á gbé iná wẹ́dà sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́: táńkì tó ṣófo léwu ju èyí tó kún lọ. Òórùn epo tó dàpọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ nínú rẹ̀ ló ń bú gbàmù. Ẹ ra òmíràn. Bí wẹ́dà bá sì fẹ́ jó ṣáásì, kí táńkì kọ́kọ́ kúrò lára ọkọ̀, kí ẹ tú okùn bátìrì. Ẹni tó bá sì wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró, kò fẹ́ràn ìyá rẹ̀. Igi líle ńlá mélòó kan kò wọ́n ní Kétu.

Ó wá kan àwa olùkọ́. Faransé ni wọ́n fi kọ́ wa pé admission, compression, explosion, échappement. A há a sórí, a gba máàkì, ọ̀pọ̀ wa kò sì lè ṣí pílógì. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ ní gáráàjì á sọ fún ọ ní èdè wa pé ó fa epo àti afẹ́fẹ́ mu, ó fún un pọ̀, iná ràn án, ó tú èéfín dànù. Ohun kan náà ni, òun ló sì yé. Síbẹ̀ a ṣì ń fi gáráàjì dẹ́rù ba ọmọ nínú kíláàsì: "Bí o kò bá kàwé, mẹkáníìkì ni wọ́n máa mú ọ lọ kọ́." Ó yẹ kí ojú tì wá. Ọkọ̀ àtijọ́ kan nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ lè kọ́ ọmọ ní físíìkì ju pátákó lọ, àwọn olówó wa sì ń tà á ní kílò.

Nítorí náà, kí ẹ tó pe ẹni tó ń ra irin, ẹ pe mẹkáníìkì. Kí ó fi òòlù kékeré kan ṣáásì káàkiri. Ibi tó dára á dún gan-an bí agogo, ibi tó ti jẹrà á dún pọ́kú. Kí ẹ kọ nọ́mbà ṣáásì sílẹ̀. Kí ẹ sì wá carte grise nínú àpótí bàbá lónìí, kí eku tó jẹ ẹ́, nítorí láìsí i, bí ẹ bá tún ọkọ̀ náà ṣe dé ibi tó dára dé, inú àgbàlá ni yóò ti máa ṣiṣẹ́.