Ẹ Jẹ́ Ká Fọwọ́ Ara Wa Ṣí «Paramètres»

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwa olùkọ́ ti ń sọ láàárín ara wa, ó tó ká gbé e síta.

Bí a bá ra fóònù tàbí kọ̀ǹpútà, ẹni tó tà á fún wa ló ń bá wa tò ó. Òun ló ń yan èdè, òun ló ń ṣí mẹ́èlì. Àwa á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, a ò sì ní dé ibi tí wọ́n kọ «Paramètres» sí títí ẹ̀rọ náà á fi bàjẹ́. A máa ń ní iṣẹ́ àwọn oníkọ̀ǹpútà nìyẹn. A ò gbà bẹ́ẹ̀ mọ́. Ohun tí a ò yàn fúnra wa, ẹlòmíràn ti bá wa yàn án. Ẹni tó bá sì dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Ẹ wo bàbá kan ní Kétu tó kọ̀wé sí ọmọ rẹ̀ ní Ìbàdàn pé: «Fi owo oko ranse.» Ṣé owó ọkọ̀ ni àbí owó oko? Bí ọmọ bá rò pé owó ọkọ̀ ni, díẹ̀ ló máa fi ránṣẹ́, nígbà tí bàbá ń retí owó tí yóò fi san àwọn tó bá a ro oko. Ọ̀pọ̀ wa ló mọ àmì kọ. Ẹ̀rọ tí a ò tò ló jẹ́ ká fi í sílẹ̀.

Kí ló dé tí é ti Faransé ń dé láìfarapa, tí ẹ tiwa ń dàrú? Kọ̀ǹpútà kò mọ lẹ́tà, nọ́ńbà ló mọ̀. Tábìlì kan ló ń sọ fún un nọ́ńbà tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ń jẹ́. Tábìlì tí wọ́n ń pè ní ISO-8859-1, èdè ìwọ̀ oòrùn Yúróòpù ni wọ́n ṣe é fún. É wà níbẹ̀. Ẹ kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ɛ àti ɔ tí a fi ń kọ èdè wa ní Bẹ̀nẹ̀ kò sí níbẹ̀. UTF-8, tí Ken Thompson àti Rob Pike ṣe ní 1992, gba gbogbo wọn. Bí a bá fi UTF-8 kọ̀wé, tí ẹ̀rọ tó gbà á sì fi tábìlì àtijọ́ kà á, ẹ á di «áº¹». Ìyẹn ṣì ní àtúnṣe, torí ìwé náà kò bàjẹ́. Ṣùgbọ́n bó bá ti di «?» kó tó kúrò lọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́, ó ti sọnù nìyẹn.

Ẹ mú Thunderbird, tí Mozilla gbé ẹ̀dà 1.0 rẹ̀ jáde ní 2004, tó ń ka mẹ́èlì àti ọ̀rọ̀ àwọn ẹgbẹ́ ìjíròrò pọ̀. Ẹ̀dà tuntun ń fi UTF-8 ránṣẹ́ fúnra rẹ̀. Èyí tó ti pẹ́ lórí kọ̀ǹpútà àtijọ́ ni kí ẹ yẹ̀ wò, níbi tí wọ́n kọ «encodage» sí.

Ohun kejì ni POP àti IMAP. Pẹ̀lú IMAP, lẹ́tà yín wà ní ibi ìpamọ́ ilé iṣẹ́ mẹ́èlì. Ohun tí ẹ rí lórí kọ̀ǹpútà náà lẹ máa rí lórí fóònù. Pẹ̀lú POP, ẹ̀rọ lè kó lẹ́tà wá sọ́dọ̀ ara rẹ̀, kó sì pa èyí tó wà lọ́hùn-ún rẹ́, àfi bí ẹ bá fi àmì sí «Laisser les messages sur le serveur». Bí kọ̀ǹpútà ilé ìwé bá jóná lọ́jọ́ kan, ìwé ìdánwò àti ìwé owó oṣù tó wà nínú rẹ̀ ti bá a lọ. Àmì kékeré kan ló wà láàárín ẹni tó rí ìwé rẹ̀ àti ẹni tí kò rí i.

Àwọn kan á ní: «Faransé la fi kàwé, kí la fẹ́ fi àmì Yorùbá ṣe?» Faransé náà la fi kọ́ àwa olùkọ́. Òun gan-an ló kọ́ wa pé àmì kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Bí ọmọ bá kọ «pêche» níbi tó yẹ kó kọ «péché», a máa ń gba máàkì lọ́wọ́ rẹ̀, torí ẹja pípa kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Kí ló wá dé tí èdè ìyá wa yóò fi máa rìn níhòòhò?

Ìmọ̀ràn wa rèé. Kí olùkọ́ kọ̀ọ̀kan mú ènìyàn méjì ládùúgbò rẹ̀ nígbà ìsinmi yìí. Ẹ jọ ṣí «Paramètres». Ẹ kọ ohun tí ẹ bá níbẹ̀ sínú ìwé kí ẹ tó yí nǹkan kan padà, kí ẹ lè rí ọ̀nà padà. Ẹ fi bọ́tìnnì Yorùbá sórí fóònù. Gboard ní in lọ́fẹ̀ẹ́. Kí ẹni tó bá ń lo ẹ máa lo ẹ, kí ẹni tó bá ń lo ɛ máa lo ɛ. Àjọ Unicode pàápàá ya Yorùbá ti Bẹ̀nẹ̀ sọ́tọ̀ nínú àkójọ èdè rẹ̀. Àyè wa ti wà níbẹ̀. Ó kù sọ́wọ́ wa láti yàn án.