Ilé ni àbí ilẹ̀?

Ní ọjọ́ Ẹtì kan, ìrọ̀lẹ́ ti ń lẹ́, àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọlé sórí fóònù mi láti Ìsẹ́yìn: "Won ti ta ile eyin oja. Owo re wa lowo mi." Àǹtí mi, àbúrò bàbá mi, ló tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́. Mo pè wọ́n, kò lọ. Mo tún un pè, kò lọ.

Ohun méjì ni bàbá bàbá mi fi sílẹ̀ fún wa lẹ́yìn ọjà yẹn. Ọ̀kan jẹ́ ilé alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́, inú rẹ̀ ni wọ́n bí bàbá mi sí. Èkejì jẹ́ ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kò ju púlọ́ọ̀tì kan lọ, ẹ̀gẹ́ ni a ń gbìn síbẹ̀. Gbogbo wa ti jọ fẹnu kò pé kí wọ́n ta ilẹ̀. Ta ló wá ní kí wọ́n ta ilé? Kí ojúmọ́ tó mọ́, mo ti wà ní Mọ́níyà, mo wọ mọ́tò, mo sì ń bá ẹni tó ta ilé bàbá wa jà nínú ọkàn mi títí a fi dé. Mo bá ilé níbi tó wà. Ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń wú. Àǹtí mi wò mí láti òkè délẹ̀, wọ́n ní, "Ṣé wọ́n lé ọ kúrò níbi iṣẹ́ ni?"

N kò lè bínú sí wọn, torí bí èmi náà ṣe ń tẹ tèmi nìyẹn. Ohun tó dùn mí ni pé ọ̀rọ̀ tí ẹnu wa kì í ṣì sọ, ọwọ́ wa ti sọ ọ́ di àlọ́.

Ẹ wo onídùndún. Ìyáàlù kò ní lẹ́tà kankan. Ohùn nìkan ló ní: òkè, àárín àti ìsàlẹ̀, tí àyàn ń fún ọsán kó tó lè rí wọn. Bó bá lu "ilé", "owó", "apá" àti "igbá", ọ̀kan náà ni gbogbo wọn létí. Àyàn mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í lu orúkọ èèyàn lásán kó dákẹ́. Á fa oríkì tẹ̀ lé e, ti ìran, ti ìlú, títí ẹni tó ń kì yóò fi ki ọwọ́ bọ àpò. Ohun tí ìlù kò ní, gígùn ọ̀rọ̀ ló fi ń dí i.

Tiwa ló dorí kodò. Fóònù ní lẹ́tà, a bọ́ ohùn kúrò lára rẹ̀, a tún gé ọ̀rọ̀ kúrú nítorí ìkánjú. Ẹ sì wò ó: ilé àti ilẹ̀ tó lé mi dé Ìsẹ́yìn, ọmọ àyàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń di kọ̀ǹgọ́ mú kò lè ṣì wọ́n lù. Ohùn ilé ń gòkè, ti ilẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀.

Àmì ohùn kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ajayi Crowther, ọmọ Òṣogùn, ti ń fi í sórí ọ̀rọ̀ nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1852. Àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974, tó sọ "aiye" di "ayé" tó sì sọ "yio" di "yóò", kò yọ ọ́ dànù. Lórí fóònù òde òní, kíbọ́ọ̀dù Yorùbá wà nínú Gboard, kí èèyàn ṣáà yan èdè ni. Èmi tí mò ń wí yìí, ọdún tó kọjá ni mo tó yàn án.

Àwọn kan á ní ọ̀rọ̀ tó yí i ká ló ń sọ ìtumọ̀. Mo gbà, tó bá jẹ́ "mo ti je eba" ni. Ta ló máa rò pé ẹ̀bá ọ̀nà lo jẹ? Ṣùgbọ́n "fi ogun ranse si iya" ńkọ́? Ogún ẹgbẹ̀rún ni, àbí oògùn? Níbi owó, oògùn àti ilẹ̀, n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa méfò.

Àǹtí mi kò gba ti Gboard; wọ́n ní lẹ́tà rẹ̀ kéré jù fún ojú àwọn. Ọ̀nà àyàn ni wọ́n tọ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ wọn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá wọ́n tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́: "A fe kun ile. Eyi ti iwo sun nigba ileya, ti orule re n jo. Kii se eyi ti a ta." Mo fi owó ọ̀dà ránṣẹ́. N kò wọ mọ́tò.