Ìgbàgbọ́ Ẹnìkan: Ǹjẹ́ Ó Kan Ẹlòmíràn?

 

Ọ̀rọ̀ kan wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn ènìyàn ilẹ̀ Yorùbá nígbà tí àríyànjiyàn ẹ̀sìn bá fẹ́ di ìjà. Wọn a ní kí oníkálukú máa ṣe ẹ̀sìn tirẹ̀, pé ohun tí ẹnìkan gbà gbọ́ kò kan ẹnìkejì. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́, ó sì ti pa iná ìjà púpọ̀ nínú agbo ilé tí bàbá ti jẹ́ Mùsùlùmí, tí ìyá jẹ́ ọmọ ìjọ, tí bàbá àgbà sì ń bọ Ògún. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n ń sọ ọ́ kì í rántí rẹ̀ mọ́ ní ọjọ́ tí ọmọ wọn obìnrin bá dé pẹ̀lú híjáàbù lórí, tàbí ní ọjọ́ tí ọmọ àlùfáà bá lọ gba ìrìbọmi. Lójijì, ohun tí kò kan ẹnikẹ́ni a di ohun tí wọ́n ń pe ìpàdé ẹbí lé lórí. Ó yẹ kí ọ̀dọ́ Mùsùlùmí mọ ibi tí òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé òun ni àwọn ẹlòmíràn ń bẹ̀rù nígbà mìíràn, òun náà sì ni ó ń bẹ̀rù ẹlòmíràn nígbà mìíràn.

Ìlú Mẹ́kà ni ẹ̀kọ́ rẹ̀ ti hàn jù lọ, ní ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ Òjíṣẹ́. Bilal ọmọ Rabah jẹ́ ẹrú. Kò ní ilẹ̀, kò ní ẹbí tí yóò gbè é lẹ́yìn, kò sì ní idà. Ohun kan ṣoṣo tí ó ṣe ni pé ó gbà pé Ọ̀kan ni Ọlọ́hun. Umayya ọmọ Khalaf, tí ó jẹ́ olówó rẹ̀, mú un lọ sí orí iyanrìn gbígbóná ní ọ̀sán gangan, ó ní kí wọ́n gbé àpáta lé e láyà, kí ó sẹ́ Ọlọ́hun rẹ̀ tàbí kí ó kú síbẹ̀. Bilal kò sẹ́. Abubakar ni ó rà á, tí ó sì dá a sílẹ̀ lómìnira.

Kí ni ẹrú yìí bàjẹ́? Kò jí ẹran olówó rẹ̀, kò ba nǹkan ẹnikẹ́ni jẹ́. Àmọ́ Umayya mọ̀ pé ẹrú tí ó bá ti ní Olúwa mìíràn kò ní wo olówó rẹ̀ bí ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Àwọn àgbà Kùráéṣì náà mọ̀ pé àwọn òrìṣà 360 tí wọ́n tò yí Kábà ká kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìsìn lásán. Wọ́n wà lára ohun tí ó ń kó àwọn ẹ̀yà Lárúbáwá wá sí Mẹ́kà lọ́dọọdún, owó àwọn àlejò náà sì wà nínú ohun tí ìlú ń jẹ. Ìbẹ̀rù ọjà àti ìbẹ̀rù ipò ni wọ́n da aṣọ ẹ̀sìn bò.

Ẹ̀rí rẹ̀ hàn ní nǹkan bí ọdún 615, nígbà tí díẹ̀ nínú àwọn Mùsùlùmí sá kúrò ní ìlú lọ sí ilẹ̀ Habaṣa, ní apá ibi tí Etiópíà wà lónìí. Àwọn tí ìgbàgbọ́ wọn ń da ìlú láàmú ti kó ẹrù wọn, wọ́n ti kọjá òkun. Ó yẹ kí ọkàn Kùráéṣì balẹ̀. Kàkà bẹ́ẹ̀, wọ́n rán Amr ọmọ al-As àti Abdullahi ọmọ Abi Rabia tẹ̀lé wọn pẹ̀lú ẹ̀bùn awọ olówó ńlá, kí ọba ibẹ̀ lè fà wọ́n lé wọn lọ́wọ́. Ọmọlẹ́yìn Jésù ni ọba náà, Najaṣi, nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó pe àwọn tí wọ́n fẹ̀sùn kàn, ó fetí sí àlàyé Ja'far ọmọ Abu Talib, ó sì dá ẹ̀bùn Kùráéṣì padà fún wọn. Mùsùlùmí tí ó bá ń rò pé ewu ni ìgbàgbọ́ Kìrìsìtẹ́nì jẹ́ fún òun, kí ó rántí pé ọ̀dọ̀ ọba Kìrìsìtẹ́nì ni àwọn Sàhábà ti rí ibi fi orí pamọ́ sí.

Síbẹ̀, Ìsìláámù kò sọ pé ìṣe ẹnìkan kò kan ẹnikẹ́ni. Nínú hadíìsì tí Nu'man ọmọ Bashir gbà wá, tí ó wà nínú àkójọ Bukhari, Ànábì fi àwùjọ wé àwọn tí wọ́n jọ wọ ọkọ̀ ojú omi kan. Àwọn kan wà ní òkè, àwọn kan wà ní ìsàlẹ̀. Àwọn ti ìsàlẹ̀ ń gba ọ̀dọ̀ àwọn ti òkè kọjá kí wọ́n tó rí omi pọn, wọ́n sì rò ó pé ó sàn kí àwọn dá ihò lu sí apá tiwọn, kí wọ́n má baà máa yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Èrò ọkàn wọn kò burú rárá. Ibùgbé tiwọn náà ni wọ́n sì fẹ́ lu. Ṣùgbọ́n omi tí yóò gba ojú ihò náà wọlé kò mọ òkè yàtọ̀ sí ìsàlẹ̀. Ohun tí Ànábì ní kí àwọn yòókù ṣe ni kí wọ́n di ọwọ́ tí ó fẹ́ lu ọkọ̀ mú. Kò ní kí wọ́n ju ẹnikẹ́ni sínú òkun nítorí ohun tí ó ń rò.

Ẹni tí ó lo ìyàtọ̀ yìí nínú ìṣèjọba ni Khalifa Ali, kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i. Àwọn Khawaarij jáde kúrò lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n pè é ní kèfèrí, wọ́n a máa já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú mọ́ṣáláṣí Kufa. Kò sí ìgbàgbọ́ tí ó kan ẹlòmíràn ju èyí lọ, nítorí pé ẹni tí wọ́n bá ti pè ní kèfèrí, wọ́n ti ń ka ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sí ohun tí ó tọ́ láti ta sílẹ̀. Ali gbọ́, kò ti mọ́ṣáláṣí mọ́ wọn, kò gé ìpín wọn nínú owó ìlú, ó sì ní òun kò ní kọ́kọ́ gbé ogun tọ̀ wọ́n níwọ̀n ìgbà tí wọn kò bá gbé ogun. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì wà títí wọ́n fi pàdé Abdullahi, ọmọ Sàhábà tí ń jẹ́ Khabbab, lójú ọ̀nà pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ tí ó lóyún.

Àwọn òpìtàn sọ pé ní ọjọ́ náà gan-an, ọ̀kan nínú wọn mú èso dàbínù kan tí ó já bọ́ lára igi, ó jù ú sẹ́nu. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pariwo lé e lórí pé kò san owó rẹ̀, ó sì tu ú jáde. Òmíràn pa ẹlẹ́dẹ̀ ará ìlú kan tí kì í ṣe Mùsùlùmí, wọ́n ní ìbàjẹ́ ni, ó sì lọ tu olówó ẹlẹ́dẹ̀ lójú. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n dúńbú Abdullahi létí odò, wọ́n sì la ikùn ìyàwó rẹ̀. Èso dàbínù kan wúwo lọ́kàn wọn ju ẹ̀mí Mùsùlùmí lọ! Ìgbà yìí ni Ali tó bá wọn jà. Ní ọdún 661, ọ̀kan nínú wọn, Abdurrahman ọmọ Muljam, fi idà olóró ṣá Ali fúnra rẹ̀ ní àfẹ̀mọ́júmọ́ nínú oṣù Ramadan, ó sì kà á sí ìjọ́sìn.

Ilẹ̀ Nàìjíríà ti rí irú èyí. Ní oṣù kejìlá ọdún 1980, àwọn ọmọ ẹ̀yìn Maitatsine dá ogun sílẹ̀ ní Kano, àwọn tí ó kú sì ju 4,000 lọ. Láti oṣù keje ọdún 2009 ni ogun Boko Haram ti ń jà ní apá ìlà oòrùn Àríwá. Ní ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ 28 oṣù kọkànlá ọdún 2014, bọ́ǹbù dún ní mọ́ṣáláṣí ńlá Kano nígbà tí àwọn ènìyàn ń kírun, ó sì pa èyí tí ó ju 100 lọ. Ẹni tí ó bá ń sọ pé Kìrìsìtẹ́nì nìkan ni ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kàn, kí ó ka iye Mùsùlùmí tí ó sùn sí ibojì nítorí wọn.

Ìwọ̀n tí Ali lò kò jìnnà sí èyí tí ó wà nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999. Abala 38 fún olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ láti ní ẹ̀sìn, láti yí i padà, àti láti fi í hàn ní gbangba. Abala 45 sì gbà kí òfin dí i lọ́wọ́ níbi tí ó bá ti kan ààbò, ètò, ìlera àti ìwà ọmọlúàbí láwùjọ, tàbí ẹ̀tọ́ àwọn ẹlòmíràn. Ìwọ̀n yìí ni ó yẹ kí wọ́n fi wọn ọ̀rọ̀ híjáàbù. Ta ni aṣọ tí ọmọbìnrin fi bo orí rẹ̀ nínú kíláàsì ṣe léṣe? Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹfà ọdún 2022, adájọ́ 5 nínú 7 ní ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ dá àwọn ọmọ ilé-ìwé Èkó láre pé ẹ̀tọ́ wọn ni. Ṣùgbọ́n ní oṣù kejì ọdún yẹn kan náà, ẹ̀mí ti bọ́ nínú ìjà tí ọ̀rọ̀ híjáàbù dá sílẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ Oyun Baptist ní Ìjàgbo, ìpínlẹ̀ Kwara.

Bí a bá tú ìdí ìjà bẹ́ẹ̀ wò, ọ̀rọ̀ gèlè kọ́ ni. Àwọn ìjọ ni wọ́n fi owó wọn dá púpọ̀ nínú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wọ̀nyí sílẹ̀ kí ìjọba tó gbà wọ́n ní àwọn ọdún 1970, wọ́n sì rò pé bí híjáàbù bá ti wọlé, ilé-ẹ̀kọ́ ti bọ́ lọ́wọ́ àwọn pátápátá nìyẹn. Ẹ̀dùn ọkàn yìí kì í ṣe irọ́, bí kò tilẹ̀ tó ohun tí à ń torí rẹ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọdé. Àwọn òbí Mùsùlùmí náà ti mọ irú ìbẹ̀rù yìí rí. Láyé àwọn Òyìnbó, ọmọ tí ń jẹ́ Lásísì nílé a di Lásárù tí ó bá dé ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ. Àwọn àgbà ìgbà náà kò sọ òkúta. Ní ọdún 1923 wọ́n dá ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ ní Èkó, wọ́n sì kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ tiwọn.

Ó ku ohun tí ó wà nínú ilé. Mùsùlùmí tí ó bá gbé gbohùngbohùn sókè ní agogo mẹ́ta òru, kì í ṣe fún ìpè ìrun bí kò ṣe fún wáàsí, níbi tí aláìsàn àti ìyá ọlọ́mọ tuntun wà, ń lu ọkọ̀ náà ni. Àwọn tí wọ́n dí títì pa lọ́jọ́ Jímọ̀ kò lè bá ìjọ tí ó dí òpópó pa ní ọjọ́ ìsọjí wí. Ní ọdún 2016, nígbà tí ìjọba Èkó ti àwọn ilé ìjọsìn kan pa nítorí ariwo, mọ́ṣáláṣí wà nínú wọn pẹ̀lú ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn kan pè é ní inúnibíni. Ta ni ó ń ṣe inúnibíni sí ta ni, nígbà tí aládùúgbò kò rí oorun sùn?

Èyí tí ó dunni jù ni ti àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n gbọ́ wáàsí oṣù mẹ́ta, tí wọ́n wá ń pe bàbá tí ó bí wọn ní kèfèrí nítorí pé ó lọ síbi ọdún egúngún, tí wọn kò sì jẹ oúnjẹ ìyá wọn mọ́ nítorí pé ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n rò pé ẹ̀sìn ìyá náà yóò ran àwọn bí àrùn. Ẹsẹ̀ 15 nínú Suuratu Luqman kò gba ọmọ láàyè láti tẹ̀lé òbí nínú ẹbọ, ṣùgbọ́n ó pa á láṣẹ kí ó máa bá wọn gbé pẹ̀lú dáadáa, kódà bí wọ́n bá ń fi agbára fà á síbẹ̀. Nígbà tí àdéhùn àlàáfíà wà láàárín Òjíṣẹ́ àti Kùráéṣì, ìyá Asma'u ọmọ Abubakar wá bẹ ọmọ rẹ̀ wò ní Mẹ̀dínà. Ọlọ́rìṣà ni ìyá náà. Asma'u kò mọ ohun tí ó tọ́ láti ṣe, ó sì bi Ànábì léèrè bóyá kí òun ṣe dáadáa sí i. Ànábì ní bẹ́ẹ̀ ni, kí ó so okùn ẹbí pọ̀ pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Ìyá náà wọlé tọ ọmọ rẹ̀ lọ, kò sì sí ẹni tí ó kọ́kọ́ ní kí ó gba Ìsìláámù ná.