Owó Orí Ọkọ̀: Ta Ni Ń Ṣọ́ Ẹni Tó Ń Ṣọ́ Wa?



Àríyànjiyàn tó bẹ́ sílẹ̀ nípàdé wa lórí owó orí ọkọ̀, èyí tí ìwé òfin pè ní TVM, kò tíì tán nílẹ̀. Àwọn kan ní bí ìjọba ò bá dá ọkọ̀ dúró lójú títì, kò sẹ́ni tó máa san. Àwọn mìíràn ní ìdádúró yẹn gan-an ló ń bí àwọn nínú.

Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Láti 1921 ni onímọ́tò ibẹ̀ ti ń lẹ bébà róbótó mọ́ gíláàsì iwájú ọkọ̀, kí gbogbo ayé lè rí i pé ó ti sanwó. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 2014, wọ́n fòpin sí bébà yẹn. Ó ku kámẹ́rà tó ń ka nọ́ńbà ọkọ̀. Ní 2013, nínú ẹgbẹ̀rún ọkọ̀ tó ń rìn, bíi mẹ́fà péré ni kò sanwó. Nígbà tó fi di 2017, wọ́n ti di méjìdínlógún. Ṣé kámẹ́rà ò ríran ni? Ó ríran dáadáa. Ojú aládùúgbò ló kúrò níbẹ̀, pẹ̀lú bébà tó ń rán olówó ọkọ̀ létí pé ọjọ́ ti pé. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n tún ní owó tí ẹni tó ta ọkọ̀ san kò ní bá ọkọ̀ lọ mọ́.

Ní tiwa, òfin 2012 tó dá OTR sílẹ̀ pa owó orí àti iṣẹ́ aṣọ́bodè pọ̀ sábẹ́ òrùlé kan. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú títì ni wàhálà wà. Onítakisí kan nínú wa sọ pé àwọn kan dá òun dúró lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan lọ́nà Aného. Ìwé rẹ̀ pé o! Síbẹ̀ ó yọ ẹgbẹ̀rún kan CFA, kò sì gba rìsíìtì. Ẹni tó ti san tún san. Bó bá tún kan owó sísan, èwo lẹ rò pé yóò yàn, ti OTR ni àbí ti ẹ̀gbẹ́ títì tó kéré jù ú lọ? Èmi tí mo jẹun ìjọba títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo mọ èsì rẹ̀.

Àwọn ìyá ọlọ́jà Lomé dìde sí owó orí gómìnà De Guise ní oṣù kìíní 1933. A ò pe ẹnikẹ́ni síta báyìí. Láti 1987, àfi 2019 ni a tó tún dìbò yan ìgbìmọ̀ kọ̀mún. Golfe 6 ti ní mẹ́à tí a lè bá sọ̀rọ̀. Kí ẹ̀yin ìjòyè bi í: èló nínú owó ọkọ̀ tí a san ló padà sí ojú ọ̀nà oníyanrìn wa tí òjò ń gbá lọ? Kí wọ́n sì ní kí ẹni tó bá dá ọkọ̀ dúró kọ orúkọ rẹ̀ sórí rìsíìtì.

Lẹ́tà náà wà lọ́wọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́. Ẹni tó bá máa fọwọ́ sí i, kó mú carte grise àti ìwé owó orí rẹ̀ dání.