Ẹ bi wọ́n léèrè iṣẹ́ wọn: Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà olórin Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́

Ó ti di àṣà àwa oníròyìn pé bí a bá jókòó ti àgbà olórin kan, ìbéèrè tí yóò kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wa ni iye ọmọ tó bí, ẹni tí wọ́n jọ ń jà, àti ìdí tí òun àti ọ̀gá rẹ̀ fi pínyà. Olórin náà yóò dáhùn, ìwé ìròyìn yóò tà, ọ̀sẹ̀ yóò yí, ọ̀rọ̀ yóò sì parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó ṣe kọ́ṣẹ́, ọ̀dọ̀ ẹni tó ti kọ́ ọ, àti bí ó ṣe ń to ohùn orin mọ́ ọ̀rọ̀, a kì í béèrè. Ọjọ́ tí ẹni náà bá papò dà ni a óò tó mọ̀ pé ohun tó yẹ ká béèrè gan-an ni a kò béèrè. Ọ̀rọ̀ yìí kan Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ gbọ̀ngbọ̀n.

Ẹ wo Ìkòròdú ná. Nígbà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ MUSON sílẹ̀ nílùú Èkó lọ́dún 1983, láti máa gbé orin tí a ń kọ sínú ìwé, irú èyí tí Bach àti Mozart kọ, lárugẹ, ọmọ Ìkòròdú wà lára àwọn olùdásílẹ̀. Olóyè Rasheed Gbàdàmọ́sí ni, onímọ̀ ọrọ̀ ajé tó tún ń kọ eré orí ìtàgé. Òun, Olóyè Akíntọ́lá Williams, Louis Mbanefo, Olóyè Ayọ̀ Rósíjì àti Ìyáàfin Francesca Emanuel ni wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ ohun tó di gbọ̀ngàn ńlá ní Oníkàn lọ́dún 1995, pẹ̀lú ilé ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní dùùrù, gòjé àti orin kíkọ. Gbàdàmọ́sí kú lọ́dún 2016. Williams náà tẹ̀ lé e lọ́dún 2023, lẹ́ni ọdún 104. Kí ni onímọ̀ ọrọ̀ ajé láti Ìkòròdú rí lára orin tó fi fi àkókò rẹ̀ jìn ín? Mélòó nínú àwọn ọ̀dọ́ Ìkòròdú ló lè dáhùn ìbéèrè yìí?

Ní Ẹ̀pẹ́, orin tiwọn kò sí nínú ìwé. Ẹ̀pẹ́ ni Àlàájì Lígálì Mùkáíbà ti kọ àpàlà tí òkìkí rẹ̀ fi kàn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Ẹ̀pẹ́ náà ni wọ́n ti bí Sàláwà Àbẹ̀ní lọ́dún 1961. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló wà nígbà tí àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde lọ́dún 1976, èyí tó fi dárò Ọ̀gágun Murtala Muhammed tí wọ́n pa lọ́dún náà. Lọ́dún 1992, Aláàfin Lámídì Adéyẹmí fi í jẹ Ọbabìnrin orin wákà. Ìwé ìròyìn ti kọ púpọ̀ nípa ilé àti ọkọ rẹ̀. Bí ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ṣe mọ bí a ti í to orin arò fún olórí orílẹ̀-èdè kò tíì gba ojú ìwé tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan yóò sọ pé kí ló pa dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì àti àpàlà pọ̀. Ohun tó pa wọ́n pọ̀ kọjá bí a ti rò. T.K. Ẹkúndayọ̀ Phillips, tó jẹ́ ọ̀gá orin ní Kàtídírà Christ ní Marina láti 1914 títí di 1962, rí i pé àwọn orin ìsìn tí a túmọ̀ sí Yorùbá ń ba èdè jẹ́, nítorí pé ohùn òyìnbó ni a fi ń kọ wọ́n. Bí ohùn orin bá gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀, ọkọ̀ lè di ọkọ́, ìtumọ̀ sì ti sọnù. Ó kọ ìwé lórí orin Yorùbá lọ́dún 1953. Fẹlá Ṣówándé, tó jẹ́ ọmọdé akọrin lábẹ́ rẹ̀, mú ohùn ilẹ̀ wa wọ inú orin àwọn òṣèré ńlá ní òkè òkun. Ìṣòro tí àwọn ọ̀mọ̀wé wọ̀nyí fi gbogbo ayé wọn wá ojútùú sí, olórin àpàlà àti oníwákà ti ní ojútùú rẹ̀ lẹ́nu: wọn kì í jẹ́ kí orin tako ọ̀rọ̀. Ẹ ò rí i pé ó yẹ kí olùdarí akọrin Ìkòròdú àti àgbà alápàlà Ẹ̀pẹ́ jọ jókòó sọ̀rọ̀?

Ikú kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ayọ̀ Bánkọ́lé, ọ̀kan nínú àwọn tó mọ orin kọ jù lọ ní ilẹ̀ yìí, kú lọ́dún 1976, lẹ́ni ọdún 41 péré. Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Euba kú lọ́dún 2020. Ti àwọn wọ̀nyí sàn díẹ̀, nítorí pé orin wọn wà lórí ìwé, Ọ̀mọ̀wé Bọ́dé Ọmọ́jọlà sì kọ ìwé nípa iṣẹ́ wọn lọ́dún 1995. Ti alápàlà kò rí bẹ́ẹ̀. Àwo rẹ̀ lè wà lọ́jà, ṣùgbọ́n ìmọ̀ tó fi ṣe é, orí rẹ̀ ló wà, orí náà ni yóò sì bá lọ.

Kò sí pé a kò ní ibi tí a ti lè ṣe é. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kọ́ gbọ̀ngàn tíátà sí Ẹ̀pẹ́, Ìgándò, Orégún àti Àgbádárìgì, iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ nígbà Gómìnà Akínwùmí Aḿbọ̀dé, ọmọ Ẹ̀pẹ́ fúnra rẹ̀. Ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ mọ dùùrù ní Ìkòròdú sì ní láti la súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kọjá kó tó dé Oníkàn. Bí gbọ̀ngàn tó wà nítòsí bá ń gba àgbà olórin kan lálejò lóṣooṣù, tí àwọn ọ̀dọ́ jókòó bi í léèrè iṣẹ́, tí wọ́n sì gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, owó rẹ̀ kò tó owó ayẹyẹ kan ṣoṣo tí ìjọba ìbílẹ̀ ń ṣe.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí a kò gbọdọ̀ fi pa mọ́. Àwọn àgbà wọ̀nyí ní ìdí láti bẹ̀rù. Ẹnu orin ni wọ́n ti ń jẹun, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ti rí ẹni tó gba ohùn wọn sílẹ̀ tó fi di olówó, tí wọn kò rí kọ́bọ̀ gbà. Ẹni tó bá fẹ́ gba ìmọ̀ lọ́wọ́ wọn, kó san owó rẹ̀, kó kọ orúkọ wọn sí i, kó sì fún wọn ní ẹ̀dà kan. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, wọn yóò sọ̀rọ̀.

Àwa oníròyìn ló yẹ kó kọ́kọ́ yí ìbéèrè wa padà. Bí a bá tún dé Ẹ̀pẹ́, kí a fi ọ̀rọ̀ ìjà sílẹ̀, kí a bi àgbà náà pé: Bàbá, ta ló kọ́ yín níṣẹ́, báwo lẹ sì ṣe ń ṣe é?